Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ àdògán alámọ̀ tó ń jó igi, ṣùkù àgbàdo, èèpo èkùrọ́ àti èédú

Àmàlà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo sítóòfù ló bá ilé Yorùbá mu. Mo ra sítóòfù onígi kan tí wọ́n fi páànù ṣe, ó fúyẹ́, ó rẹwà, omi ń tètè hó lórí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí ìyá mi ki ọmọrogùn bọ ìkòkò kí wọ́n máa ro ọkà, ẹsẹ̀ kan lára sítóòfù yẹn tẹ̀, ìkòkò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tó ń hó dà wàà sílẹ̀, ká ní wọ́n ò tètè fò sẹ́yìn ni, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ni ì bá bó. Kí ọdún yẹn tó parí, páànù ìdí ẹ̀ ti dípẹtà, ó ti jẹ ihò, iná ti ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní kí n ra òmíràn ni.

Àtìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé amọ̀ ni màá lò. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí la ti ń lò lẹ́yìnkùlé wa fún bí ọdún mẹ́ta báyìí, lábẹ́ páànù tá a ta síbẹ̀. Ó wúwo, ẹ lè fi gbogbo agbára ro ọkà lórí ẹ̀ kò ní mì rárá, ohun tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé kò ní oúnjẹ kan pàtó tó ń jẹ. Igi wà nílẹ̀, ó jẹ igi. Ìgbà tí àgbàdo bá gbẹ tí wọ́n ń rẹ́ ẹ, ó jẹ ṣùkù. Bó bá jẹ́ pé ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ èkùrọ́ lẹ ń gbé, èèpo èkùrọ́ wà ńlẹ̀ bẹẹrẹbẹ, ó ń jẹ ìyẹn náà. Àti èédú, àti èèpo àgbọn. Pẹ̀lú bí gáàsì ṣe wọ́n báyìí, kéèyàn ní nǹkan tí kò ní sọ pé ohun kan ṣoṣo lòun ń jẹ, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan amọ̀ rárá, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí òun ló máa jẹ́ kí gbogbo ohun tí mo bá sọ nísàlẹ̀ yé yín. Èéfín tẹ́ ẹ ń rí yẹn, igi tí kò ráyè jó ni. Ohun tẹ́ ẹ fowó rà tàbí tẹ́ ẹ forí rù wálé ló ń fò lọ sókè yẹn. Ẹ wo ààrò olókùúta mẹ́ta tí gbogbo wa bá láyé, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́ níbi gbogbo, ó ń gbé ooru lọ, ó tún ń mú ọwọ́ iná tutù, èéfín tó yẹ kó gbiná nídìí ìkòkò ló wá ń bọ́ sójú ẹni tó ń dáná. Nínú àdògán tá a fẹ́ mọ yìí, ihò tóóró kan ni iná ń gbà gòkè. Ara ihò yẹn á gbóná janjan, ooru á máa gòkè, bó ṣe ń gòkè á máa fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé látìsàlẹ̀, èéfín á bá ooru yẹn pàdé nínú ihò, ibẹ̀ ló máa jó sí. Ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan, Larry Winiarski, ló to ìlànà ẹ̀ pọ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, níbi iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Aprovecho ní ìpínlẹ̀ Oregon, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni rocket stove. Àwọn ará Uganda wá ń fi amọ̀ mọ tiwọn, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń lò láti fi dá ihò inú ẹ̀ sí. Ọgbọ́n yẹn làwa náà máa lò, torí ta ni ò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé nínú wa?

Mi ò fi ọ̀rọ̀ èéfín ṣeré o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò ẹ̀ pé lọ́dún 2020 nìkan, èéfín inú ilé fa ikú èèyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, àwọn ọmọ kékeré sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wa la pọn sẹ́yìn ìyá wa nínú ilé ìdáná tó dúdú láti òrùlé délẹ̀, a rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá

Erùpẹ̀ ni àkọ́kọ́. Erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán ni mo fẹ́ràn jù, ikán ti bá wa pò ó kúnná, ó máa ń di ara ẹ̀ mú. Bí ọ̀gán ò bá sí ládùúgbò yín, amọ̀ pupa tí wọ́n fi ń mọ ilé náà dáa. Kòròbá ọ̀dà ńlá (oní-lítà 20) márùn-ún tó. Ẹ tún wá iyanrìn kòròbá kan, koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ gé kéékèèké bí ìka ọwọ́, àti sọ́dọ́ọ̀sì, lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń dà sílẹ̀ ní sọ̀míìlì, bíi kòròbá kan. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó tóbi tó ínṣì 5 ní ìbú. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án méjì. Pákó mẹ́rin tẹ́ ẹ máa fi kan àpótí tí kò nídìí tí kò lórí, kó jẹ́ ínṣì 17 ní gígùn àti fífẹ̀, kó ga tó ínṣì 16. Lẹ́yìn náà, irin díẹ̀ tí bọ̀dá wẹ́dà máa bá yín jó pọ̀, màá sọ bó ṣe máa rí.

Ẹ má lo sìmẹ́ńtì o, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ẹni tó bá rí wa ló ń sọ pé ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kó lè le. Sìmẹ́ńtì ò fẹ́ràn iná, lẹ́yìn ìgbà mélòó kan tó bá ti gbóná tó tutù, á máa sán, á máa ṣí bọ́. Búlọ́ọ̀kù tí mo ní kẹ́ ẹ wá yẹn, ìdí lásán ni, iná ò ní kàn án.

Pípo amọ̀

Oríṣi méjì lẹ máa pò. Ti àkọ́kọ́ ni erùpẹ̀ ọ̀gán kòròbá mẹ́rin pẹ̀lú iyanrìn kòròbá kan àti koríko gígé bíi ẹ̀kúnwọ́ mẹ́wàá, ẹ da omi sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí àwọn tó ń mọ ilé ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́, títí tí kò fi ní sí kókó mọ́. Kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ti dáa, ẹ yí i bí òrómbó, ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ láti ìbàdí. Bó bá fọ́ yángá, amọ̀ inú ẹ̀ ò tó tàbí kó jẹ́ omi ò tó, bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀kọ, omi ti pọ̀ jù. Bó bá kàn tẹ́ díẹ̀ nídìí tí kò fọ́, òun nìyẹn.

Ìkejì ni amọ̀ ọlọ́dọ́ọ̀sì. Erùpẹ̀ tó kù yẹn, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi sọ́dọ́ọ̀sì tó bá a dọ́gba sí i, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, ẹ wá pò ó. Èyí ló máa yí ihò iná ká. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ yà á sọ́tọ̀ ni pé amọ̀ tó ki máa ń mu ooru. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀gán líle nìkan yí iná ká, àdògán yín fúnra ẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ máa sè kẹ́ ẹ tó se ọbẹ̀. Sọ́dọ́ọ̀sì inú èkejì yìí máa jó tán níwọ̀nba ìgbà tẹ́ ẹ bá ti dáná níbẹ̀, á fi ihò kéékèèké sílẹ̀ nínú amọ̀, ihò yẹn ló ń dá ooru dúró kó má bàa sá wọ inú ògiri. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì sùn di ọjọ́ kejì, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kẹ́ ẹ tó máa mọ ọ́n.

Mímọ

Ibi tẹ́ ẹ máa fi sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò dáadáa, torí kò ṣeé gbé káàkiri. Abẹ́ òrùlé tí òjò ò lè dé, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀, kó má sì sún mọ́ ògiri onípákó. Ẹ kọjú ẹnu ẹ̀ síbi tí atẹ́gùn kì í ti í fẹ́ wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ á máa ti ọwọ́ iná jáde sí yín lára.

Ẹ to búlọ́ọ̀kù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ má to èkejì lé e. Àwọn tó bá ní kẹ́ ẹ gbé e ga kẹ́yìn má bàa dùn yín, ìrẹsì ni wọ́n ń rò, wọn ò ro ọkà. Bí ìkòkò bá ga kọjá ìbàdí èèyàn, kò sí bó ṣe máa rí agbára ro àmàlà èèyàn mẹ́fà. Níwọ̀n yìí, orí àdògán á wà ní bí ínṣì 25 sílẹ̀, ìyá mi dúró ro ó, ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ẹ gbé àpótí yẹn lé búlọ́ọ̀kù, ẹ tẹ́ amọ̀ ọlọ́dọ́ọ̀sì sísàlẹ̀ ẹ̀ kó nípọn tó ínṣì 2. Ẹ wá gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín sí méjì: ọ̀kan jẹ́ ínṣì 14, ẹ gbé ìyẹn dúró ní àárín gbùngbùn. Èkejì á kúrú, ẹ dùbúlẹ̀ ẹ̀ látìdí èyí tó dúró títí tó fi máa kan pákó iwájú, ibẹ̀ ni ẹnu àdògán. Ẹ gé orí èyí tó dùbúlẹ̀ yìí kó ṣe bí ìkọ̀ kó lè gbá ìdí èkejì mọ́ra, kẹ́ ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gún wọn pọ̀ kí wọ́n má yẹ̀. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ, ihò ínṣì 5 sí ínṣì 14 gíga. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ nítorí pé ìkòkò yín tóbi, iná á rẹ̀, èéfín á pọ̀. Tẹ́ ẹ bá gé gíga ẹ̀ kúrú, iná ò ní ráyè jó tán kó tó kan ìkòkò, dúdú á bo ìdí ẹ̀.

Ó wá ku kẹ́ ẹ máa di amọ̀ sí i. Yíká igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ di amọ̀ ọlọ́dọ́ọ̀sì tó nípọn tó ínṣì 2, lẹ́yìn ìyẹn ẹ di amọ̀ ọ̀gán kún gbogbo àyè tó kù títí dé pákó. Ẹ máa ṣe é ní ìpele ìpele, bí ínṣì 3 lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ máa fi ìkúùkù tàbí orí ọmọ ọlọ wẹ́wẹ́ lù ú kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ẹ má kánjú, ibi tí kò bá ti di dáadáa ló ń sán lẹ́yìn ọ̀la. Tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ jẹ́ kó tẹ́jú, ẹ wá fi amọ̀ ọ̀gán mọ orí mẹ́ta bíi ṣóńṣó ọmú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ínṣì kan, kó jìnnà sí ihò díẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, orí mẹ́ta yìí náà ni ìkòkò máa jókòó lé, àárín wọn sì ni iná máa gbà jáde. Kí wọ́n má kúrú ju ínṣì kan lọ, iná á pa ara ẹ̀. Kí wọ́n má sì ga jù, ooru á kàn máa fẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Tó bá jẹ́ òkúta lẹ fẹ́ rì síbẹ̀ dípò amọ̀, ẹ má kó òkúta odò o, omi tó wà nínú ẹ̀ lè mú kó bẹ́ lójú iná.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú pákó kúrò, ẹ fi ọwọ́ tútù rẹ́ ara ẹ̀ kó jọ̀lọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ òjìji bí ọjọ́ méje, oòrùn tààrà á jẹ́ kó sán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ gígùn gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ẹ̀ wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ máa fà á jáde, á ti sún kì dáadáa nígbà yẹn, kò ní le. Ẹ tún fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo mọ̀ pé èyí ló le jù, torí tèèyàn bá ti rí i tó dúró tó rẹwà, ó fẹ́ dáná níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Omi tó bá ṣì wà nínú amọ̀ á di oru, á wá ọ̀nà jáde, ọ̀nà tó bá sì gbà ló máa là sí méjì. Iná àkọ́kọ́ kó jẹ́ ti igi wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, ọjọ́ kejì ẹ pọ̀ ọ́n sí i, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀ náà. Èéfín á jáde lára ògiri inú fún ọjọ́ mélòó kan, sọ́dọ́ọ̀sì tó ń jó ni, kì í ṣe pé ẹ mọ ọ́n tì.

Irin mẹ́ta tó sọ ọ́ di ohun tó ń jẹ oríṣiríṣi

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí láìsí irin yìí, igi nìkan ló máa mọ̀ ọ́n jẹ.

Èkínní ni páànù pẹrẹsẹ tó nípọn díẹ̀, tó máa wọ ẹnu àdògán, ẹ fi ẹsẹ̀ sí i kó lè ga ínṣì méjì kúrò nílẹ̀. Igi á jókòó lórí ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba abẹ́ ẹ̀ wọlé. Kó má wọ inú ihò tó dúró lọ o, ẹnu ihò ni kó ti dúró. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó yọ páànù yìí sọnù, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́, wọ́n wá ń ki igi bọ gbogbo ẹnu ẹ̀, wọ́n ní àdògán ò dáa mọ́, ó ń ṣèéfín. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbà lẹ́nu ẹ̀.

Èkejì ni asẹ́ irin roboto ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, fífẹ̀ ẹ̀ kó jẹ́ ínṣì 4 àti ààbọ̀ kó lè wọ ihò láti òkè, ẹsẹ̀ ẹ̀ kó jẹ́ ínṣì 2. Ihò ara ẹ̀ kó kéré, tí èèpo èkùrọ́ ò ní lè jò gbabẹ̀. Ẹ̀kẹta náà jẹ́ asẹ́ bíi tìyẹn, àmọ́ ẹsẹ̀ tiẹ̀ gùn, ínṣì 8, kó lè gbé ohun tó wà lórí ẹ̀ sún mọ́ ìkòkò. Tèèdú nìyẹn. Ródì tó nípọn díẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kí bọ̀dá wẹ́dà lò, èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ máa tẹ̀ láìpẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fún un lóúnjẹ

Igi ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Igi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwúwo ẹ̀ tó jẹ́ omi, iná á sì kọ́kọ́ gbé omi yẹn hó kó tó rí tiyín gbọ́. Ẹ la igi yín kó má nípọn ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ, ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ tí òjò ò dé, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló dáa jù. Tẹ́ ẹ bá fi méjì lu ara wọn, èyí tó gbẹ á dún kọ́kọ́, èyí tó tutù á dún gbì. Igi ayín ò láfiwé, ó ń jó pẹ́, ẹyin iná ẹ̀ gbóná. Agunmániyè náà dáa, ó ń tètè hù padà tẹ́ ẹ bá gé e, ẹ lè gbìn ín sí ọgbà yín. Ẹ fi ìhá tó kù lẹ́yìn epo pupa tàbí háríhá àgbàdo ṣá iná, igi wẹ́wẹ́ lé e, lẹ́yìn náà ẹ ti igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ orí páànù pẹrẹsẹ, kó jẹ́ orí wọn nìkan ló ń jó. Bí orí bá ti ń jó tán, ẹ ti igi síwájú díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí iná rẹlẹ̀, ẹ fa igi sẹ́yìn. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ṣùkù àgbàdo máa ń jó wàràwàrà. Ẹ gbé asẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú sísàlẹ̀, ẹ ti ṣùkù mẹ́rin márùn-ún wọlé lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ jókòó tì í, torí kò ní pẹ́ kó tó béèrè òmíràn. Ó dáa fún omi ẹ̀kọ, fún ẹ̀fọ́ tútù, fún ohun tí kò ní pẹ́ lórí iná. Ẹ̀wà? Á rẹ̀ yín. Eérú ẹ̀ pọ̀, ẹ máa gbọ̀n ọ́n kúrò lábẹ́ asẹ́ lóòrèkóòrè. Ẹ kó ṣùkù yín sínú àpò, kẹ́ ẹ gbé e kọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni eku ti ń fi ṣe ilé.

Èèpo èkùrọ́ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, òun náà ló sì máa ń fún èèyàn ní wàhálà jù tí kò bá mọ̀ ọ́n lò. Ó le, ó ki, epo díẹ̀ ṣì ń wà lára ẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn alágbẹ̀dẹ fi ń fi dáná. Ẹ má fi í bẹ̀rẹ̀ iná láé. Ẹ kọ́kọ́ dá iná igi lórí asẹ́ kúkúrú títí tí ẹyin iná á fi kún orí asẹ́, ẹ wá wọ́n èèpo èkùrọ́ ẹ̀kúnwọ́ kan lé e láti òkè, ẹ gbé ìkòkò kúrò díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ́n ọn. Á kọ́kọ́ rú èéfín dúdú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á gbiná wúù, èéfín á lọ. Ìgbà tó bá ti pọ́n dáadáa lẹ máa wọ́n òmíràn. Ẹni tó bá da kọ́ńgò kan lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti pa iná yẹn nìyẹn, torí afẹ́fẹ́ ò ní ríbi gbà láàárín èèpo. Tó bá ti pọ́n tán, ó lè se ẹ̀wà jinná láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án púpọ̀. Èèpo àgbọn náà jọ ọ́, ẹ kàn fọ́ ọ wẹ́wẹ́.

Èédú yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù, torí èéfín ẹ̀ ti jó lọ nígbà tí wọ́n ń sun ún lóko. Kò ní ọwọ́ iná gígùn tó máa nà dé ìdí ìkòkò, pípọ́n ẹ̀ ló fi ń se nǹkan, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìkòkò. Asẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lẹ máa gbé sí i, kẹ́ ẹ fi àjákù búlọ́ọ̀kù dí ẹnu àdògán dé ìdajì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gbóná, ẹ ṣí ẹnu, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rọra se, ẹ dí i díẹ̀ sí i. Mi ò fẹ́ràn kéèyàn máa fi èédú ṣe ohun ojoojúmọ́ ṣá. Nínú ebu àtijọ́ tí wọ́n ń fi erùpẹ̀ bò, igi kílò 5 sí 10 ló ń lọ sórí èédú kílò kan, ẹ sì lọ wo bí wọ́n ṣe ń gé igi ẹ̀mí àti igba l'Ókè-Ògùn, igi tó ń fún wa ní òrí àti irú. Ó ń dùn mí.

Lẹ́búlẹ́bú èédú tó máa ń kù nísàlẹ̀ àpò, ẹ má dà á nù. Ẹ se sítáàṣì gbágùúdá kó ki bíi ẹ̀kọ, ìwọ̀n kan sítáàṣì gbígbẹ sí ìwọ̀n mẹ́wàá lẹ́búlẹ́bú, ẹ pò ó, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí àkàrà, ẹ sá a sóòrùn bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Á jó bí èédú gidi. Sọ́dọ́ọ̀sì lásán ní tiẹ̀ ò ṣeé dà sínú àdògán yìí, á pa iná, tó bá sì gbọ̀n sókè lójú iná ó lè gbiná lójijì sí yín lójú. Ẹ fi í mọ amọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀ rárá: ọ̀rá, rọ́bà, ike, pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, pákó tí wọ́n fi oògùn ikán sí, àti piláìwúùdù torí gọ́ọ̀mù inú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rá la fi ń ṣá iná ní ọ̀pọ̀ ilé, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀, èéfín ẹ̀ lóró, inú oúnjẹ ló sì ń bà lé. Ẹ má da kẹrosíìnì sórí iná tó ti wà láàyè, pẹtiróòlù ò tiẹ̀ yẹ ká dárúkọ ẹ̀.

Èédú tó pọ́n tí kò rú èéfín, òun náà ń pa èèyàn nínú ilé. Ó ń tú gáàsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, kò lóòórùn, kò láwọ̀, èèyàn á kàn máa tòògbé, orí á máa fọ́ ọ, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Nígbà ọyẹ́, ẹ má gbé èédú wọ yàrá kẹ́ ẹ fi yáná kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn sùn, bó ti wù kó rí. Bí orí bá ń fọ́ yín tójú ń pòòyì nítòsí iná èédú, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ bọ́ sí gbangba, kẹ́ ẹ tó ro ohunkóhun mìíràn.

Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń yí padà

Bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lára àdògán tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, ẹ wo abẹ́ páànù pẹrẹsẹ àti abẹ́ asẹ́, eérú ló sábà máa ń dí i. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo igi yín. Bó bá tún kọjá ìyẹn, ẹ wo orí mẹ́ta tí ìkòkò ń jókòó lé, wọ́n máa ń jẹ wálẹ̀, tiwa ti kúrú lẹ́yìn ọdún kan ká tó mọ̀, mo kàn fi amọ̀ tuntun mọ wọ́n padà. Ibi tó bá sán díẹ̀ lára ògiri, ẹ rin ín, ẹ fi amọ̀ àti iyanrìn tó pọ̀ díẹ̀ dí i, ọ̀la ẹ ti ń dáná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín igi kù sí i, ẹ gé páànù tó ga tó ìdajì ìkòkò yín, ẹ ká a yí ìkòkò ká kó jìnnà sí i ní ìdajì ínṣì, ooru tó ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á fara kan ara ìkòkò kó tó jáde.

Eérú, kòròbá onípáànù ni kẹ́ ẹ kó o sí, kó má jẹ́ ti ike. Ẹyin iná lè sá pamọ́ sínú eérú di ọjọ́ kejì, tí ọyẹ́ bá wá ń fẹ́, ilé ló ń jó. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù pátápátá. Tèmi, tó bá ti tutù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mò ń wọ́n sídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ìyókù aládùúgbò wa kan tó ń se ọṣẹ dúdú ló máa ń wá kó o.